Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Achimota: Ẹ Kọ Orúkọ Jaipal Singh Sí Pápá Yín

Sí Olórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Achimota, àwọn olùkọ́ ibẹ̀, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Accra, Gánà.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ọmọ ọlọ́mọ. Olùkọ́ eré họ́kì ni mí nílẹ̀ Yorùbá, n kò sì kàwé lọ́dọ̀ yín rí. Ohun tó gbé mi dé iwájú yín ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ nínú ọgbà yín ní 1934, tó sì padà sí ìlú rẹ̀ ní 1937. Jaipal Singh ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Munda ní Íńdíà. Òun ni balógun ikọ̀ họ́kì tí Íńdíà kó lọ sí Olímpíìkì Amsterdam ní 1928, ikọ̀ tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí ọmọ yín tó bá gbé ọ̀pá họ́kì lọ́wọ́ yóò ti rí i. Bí ó bá sì ti wà níbì kan nínú ọgbà yín, ẹ gbé e síta, kí àwa ará ìta náà lè máa fi han àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu.

Wọ́n bí Jaipal ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1903, ní Takra, abúlé kan lágbègbè Khunti, nínú ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jharkhand lónìí. Màlúù ló ń dà lọ́mọdé. Àwọn Munda wà lára àwọn tí Íńdíà ń pè ní Adivasi, àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn yòókù tó dé bá wọn, tí wọ́n sì ti ń tì wọ́n sẹ́yìn wọ inú igbó láti ayébáyé. Ní àdúgbò yẹn, ọmọdé kì í dúró de ọ̀pá tí wọ́n tà lọ́jà. Oparun tàbí ẹ̀ka igi tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n máa ń gé, gbòǹgbò oparun ni wọ́n sì máa ń gbẹ́ di bọ́ọ̀lù. Títí di òní, ìdíje họ́kì wà ní Simdega, nínú ìpínlẹ̀ Jharkhand kan náà, àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ tó jẹ́ pé òdá òbúkọ ni ẹ̀bùn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹgbẹ́ tó bá borí á fà á lọ sílé, wọ́n á pa á, tọmọdé tàgbà á sì jẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdíje yìí ju ọ̀pọ̀ ife wúrà lọ.

Àwọn ajíyìnrere Ṣọ́ọ̀ṣì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́ St Paul's ní Ranchi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Canon Cosgrave, rí i pé orí ọmọ yìí pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, ó sì mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ló ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì St John's ní Oxford, tó gba oyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, tó sì gbá họ́kì fún yunifásítì náà títí wọ́n fi fún un ní Blue, oyè tí Oxford máa ń fún àwọn eléré rẹ̀ tó gbayì jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí.

Òfin eré ayé ìgbà náà ni pé ẹni tó bá gbowó lórí eré kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Olímpíìkì. Lójú àwọn tó ṣòfin yìí, ìwà ọmọlúàbí ni: kéèyàn ṣeré nítorí ìfẹ́ eré, kó má fi ṣòwò. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ta ló rọrùn fún? Stanley Shoveller, ìlú-mọ̀ọ́ká afagóòlù tó gba wúrà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1908, tó tún gba òmíràn fún Britain ní 1920, ọjà ìpín ìdókòwò London ló ti ń jẹun. N kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù rárá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba wúrà ní Olímpíìkì méjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ní owó nílé, tó sì láṣẹ lórí àsìkò ara rẹ̀, lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní sí ohun tí yóò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà míì ni Dhyan Chand, afagóòlù ikọ̀ Íńdíà ní Amsterdam, gbà ní tirẹ̀. Ọmọ ogun ni, inú bárékè ló ti kọ́ họ́kì débi tó kọ́ ọ dé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́ ogun ló sì ń yọ̀ǹda rẹ̀ lọ ṣeré.

Jaipal kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì yìí. Ó ti yege ìdánwò ICS, iṣẹ́ ìjọba tó ga jù lọ tí ọmọ Íńdíà lè dé ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ yìí péré ló ń darí ilẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ jíjẹ mímu ti parí fún un títí ọjọ́ alẹ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ sì wá rò ó wò fún ọmọ darandaran láti Takra. Oxford ló ṣì wà, tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, nígbà tí ìránṣẹ́ dé láti Íńdíà pé òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe balógun ikọ̀ tó ń lọ sí Amsterdam. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London. Wọ́n ní àwọn kò gbà. Ó lọ.

Nígbà tó dé, wọ́n ní kó tún ọdún kan ṣe gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn tí mò ń kọ́, àwọn kan sì ti bi mí bóyá kò ya wèrè. N kò fìgbà kan gbà pé wèrè ni. Ọkùnrin tí wọ́n ti ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ní ará igbó láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n wá ní kó wá ṣíwájú gbogbo Íńdíà lójú ayé: Híńdù, Mùsùlùmí, Sikh, àti àwọn tí bàbá wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Íńdíà. Ta ni yóò dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ padà nítorí ìwé ọ̀gá?

Ikọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lówó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń kúrò ní Bombay ní oṣù Kẹta ọdún 1928, èèyàn mẹ́ta péré ni ìtàn ní ó wá sin wọ́n. Ìlú kò mọ̀ wọ́n, ìlú kò sì retí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Jaipal ti dára pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n na Austríà 6–0, wọ́n na Bẹ́ljíọ̀mù 9–0, wọ́n na Dẹ́nmáàkì 5–0, wọ́n na Swítsálándì 6–0. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n na Nẹ́dálándì 3–0 nílé rẹ̀, níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Góòlù 29 wọlé, ẹyọ kan kò wọlé wọn.

Bí ẹ bá béèrè 1928 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ họ́kì, Dhyan Chand ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí 14 nínú góòlù 29 yẹn, òun ló jẹ ẹ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 29 oṣù Kẹjọ, ni Íńdíà fi ń ṣe Ọjọ́ Eré Ìdárayá, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára ẹ̀bùn eré ìdárayá tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà. Jaipal kò gbá àṣekágbá. Èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tó ń ṣàkóso ìrìn àjò náà, ó kúrò lọ́dọ̀ ikọ̀ náà, Broome Pinniger ló sì ṣíwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba wúrà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní kúkúrú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ síbẹ̀, nítorí pé adènà ẹ̀yìn lèmi náà nígbà tí mo ṣì ń gbá a. Àwọn èèyàn máa ń ka 29, wọn kì í ka òdo. Òdo yẹn náà ní àwọn tó ni ín. Richard Allen ló ṣọ́lé, ẹ̀yìn sì ni Jaipal ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lára ọ̀pá họ́kì, ojú pẹlẹbẹ tó wà lápá òsì. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto gbá a, fèrè á dún. Nítorí náà, adènà tí afagóòlù bá gba apá òsì rẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ yí ọ̀pá náà po, kó dorí rẹ̀ kodò, kó tó lè kan bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí koríko tí bọ́ọ̀lù ti ń ta bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá ṣe èyí dáadáa, kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Wọn á kàn ní góòlù kò wọlé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé àwọn tó gbá ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ló ni wúrà yẹn.

Láti 1928 títí di 1956, ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra ni Íńdíà gba wúrà họ́kì. Britain kò mú ikọ̀ họ́kì wá ní 1928, bẹ́ẹ̀ ni kò mú un wá ní 1932 àti 1936. Ìgbà tí Íńdíà ti gba òmìnira tán ni wọ́n tó pàdé, ní London ní 1948, nínú àṣekágbá, níwájú àwọn ará Wembley. Íńdíà na wọ́n 4–0. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn gbà débẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ là á ní Amsterdam ni ká kí.

Lẹ́yìn Amsterdam, Jaipal ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo Burmah-Shell, ó sì bá ẹgbẹ́ Mohun Bagan ní Calcutta dá ikọ̀ họ́kì wọn sílẹ̀ ní 1929. Ìgbà tó di 1934 ló wá sọ́dọ̀ yín.

Ilé-ẹ̀kọ́ yín ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. 1927 ni wọ́n ṣí i, Prince of Wales College ni wọ́n ń pè é, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, Fraser tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà àkọ́kọ́, àti Aggrey tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àmì yín ni bọ́tìnnì dùùrù dúdú àti funfun, nítorí ohun tí Aggrey máa ń sọ, pé èèyàn lè fi dúdú nìkan kọ orin, ó lè fi funfun nìkan kọ ọ́, ṣùgbọ́n orin tó dùn jù fẹ́ méjèèjì. Inú ọgbà tó gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ́rùn ni ọkùnrin Munda yìí wá kọ́ ọmọ Gold Coast ní ìwé. Ọba kan náà ní London ló ń jọba lé òun àti àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ lórí. Mo máa ń ronú nípa ọmọ tó wà ní kíláàsì ní 1935, tó ń wo ọkùnrin dúdú-pupa yìí níwájú pátákó. Balógun Olímpíìkì ni. Bóyá ọmọ náà mọ̀, bóyá kò mọ̀. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ìgbà tó padà sílé ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ ga jù láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, ó di ààrẹ Adivasi Mahasabha, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà onígbó. Nígbà tí wọ́n pe àpéjọ tó kọ ìwé òfin Íńdíà, ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1946, ó dìde, ó ní ará igbó lòun lóòótọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn nìyẹn, òun ò sì tijú rẹ̀. Ó sọ fún àwọn amòfin àti àwọn ọlọ́lá tó jókòó síbẹ̀ pé wọn ò lè kọ́ àwọn èèyàn òun ní ìjọba tiwa-n-tiwa, wọ́n ní láti wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ni, torí pé àwọn ló ti ń ṣe é tipẹ́. Ó ní ọkùnrin ti pọ̀ jù nínú àpéjọ náà, òun fẹ́ kí àwọn obìnrin pọ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n sì fẹ́ fi òfin de ọtí jákèjádò Íńdíà, ó gbèjà ọtí ìrẹsì tí àwọn Adivasi ń pọn, nítorí kò sí ọdún òrìṣà tàbí ayẹyẹ kan tí wọ́n lè ṣe láìsí i. Àwa tó mọ ohun tí ẹmu ń ṣe nínú ètùtù àti ìgbéyàwó kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Wọ́n ń pè é ní Marang Gomke, Olórí Ńlá. Ẹgbẹ́ òṣèlú Jharkhand tó dá sílẹ̀ ló di alátakò tó lágbára jù nílé aṣòfin Bihar, ìpínlẹ̀ tí agbègbè wọn wà nínú rẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn ìbò 1952. Ìjà wọn ni pé kí wọ́n ya ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn. Ìgbìmọ̀ tó tún ààlà ìpínlẹ̀ ṣe kò gbà. Ní 1963, ó kó ẹgbẹ́ náà wọ inú ẹgbẹ́ Congress tó ń ṣèjọba, ohun tó ṣe yìí sì dun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dọ́kàn. Èmi náà rò pé àṣìṣe ni, torí ohun tó fẹ́ gbà kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì já bọ́. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1970. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Jharkhand sílẹ̀.

Ìpínlẹ̀ náà kò gbàgbé rẹ̀. Pápá họ́kì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wà ní Ranchi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gbá ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tí ikọ̀ obìnrin láti onírúurú orílẹ̀-èdè fi ń wá àyè sí Olímpíìkì Paris, ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìjọba ibẹ̀ tún dá ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, tí ọmọ Adivasi fi ń lọ kàwé ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà lọ. Khunti tó ti wá ni Nikki Pradhan ti wá pẹ̀lú, ọmọbìnrin Jharkhand àkọ́kọ́ tó gbá họ́kì ní Olímpíìkì. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ń rí i, ọmọ ń tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Pápá họ́kì Accra ń jẹ́ Theodosia Okoh, ìyá tó ya àsíá Gánà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí họ́kì orílẹ̀-èdè yín. Achimota ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ pa orúkọ náà rẹ́ ní 2013, ará ìlú ló pariwo tí wọ́n fi dá a padà. Inú mi dùn sí yín nígbà yẹn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin sì mọ ẹni tó yẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ tú àkójọ ìwé àtijọ́ yín, ẹ wo orúkọ àwọn olùkọ́ 1934 sí 1937, ẹ wo àwọn fọ́tò, bóyá ojú rẹ̀ á wà níbẹ̀, bóyá ọ̀pá họ́kì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwa àti àwọn ará Khunti lè jọ rí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba Jharkhand. Àwọn tó ń ná owó lórí orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàì fẹ́ mọ ọgbà tó ti ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, bí ọmọ yín bá sì lọ gbá họ́kì ní Ranchi, tí tiwọn wá sí Accra, a ti jèrè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé irú nǹkan báyìí, òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí kò wọ́n jù fún yín.

Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2028 ni yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Íńdíà gba wúrà ní Amsterdam. Àyè wà láti ṣe é kó tó dìgbà náà. Bí ẹ bá fi ìwé pè wá, èmi àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ á gba Sẹ̀mẹ̀ wá, a ó gba Kútọnu àti Lomé kọjá, a ó sì bá ikọ̀ yín gbá ìdíje kan lórí pápá náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣí i. Òdá òbúkọ tí a ó fi ṣe ẹ̀bùn, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ họ́kì kan láti Ìbàdàn